Kí Ààtàn Tó Di Ọgbà Ìgbafẹ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé ní Ilé-Ifẹ̀

Mo júbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níkàlẹ̀. Mo kí ẹ̀yin orí adé àti ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ onílé láti Ìrẹmọ, Ilódè, Mọ̀ọ̀rè àti Láàgéré, ẹ̀yin àlejò wa láti Iléṣà, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nítorí pé àga kò kárí.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ bí a ṣe lè sọ ààtàn ńlá tó léwu di ibi ìgbafẹ́ àti ibi ìtajà fún ará ìlú. Ó ṣeé ṣe. Wọ́n ti ṣe é níbòmíràn. Ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n máa ń gbé wá fún irú iṣẹ́ báyìí, pẹ̀lú koríko tútù, àga ìjókòó lábẹ́ igi, ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ mèremère àti ọmọdé tó ń fi jáńgílófà, láti òkè ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè ni ilẹ̀ máa ń dójú tì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiwa lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. N kò sì ní dárúkọ ààtàn kan pàtó, nítorí pé bí mo bá dárúkọ, iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ibẹ̀ yóò ti yí padà kí n tó délé.

Ààtàn kì í ṣe àjèjì sí wa. Kò sí agboolé àtijọ́ tí kò ní tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Èèpo iṣu, eérú ààrò, ewé ẹ̀kọ àti ilẹ̀ tí wọ́n gbá láàárọ̀ ni wọ́n ń dà sí i, gbogbo rẹ̀ ló sì ń jẹrà. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, tètè àti ìbẹ́pẹ yóò ti hù níbẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì wá bu ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ lọ sóko. Ohun tí kì í jẹrà nínú rẹ̀ ni àfọ́kù ìkòkò, Ifẹ̀ sì rí ìyẹn náà lò. Ẹni tó bá ti wo àwọn ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi àpáàdì tẹ́ mọ̀ pé wọn kò kàn dà á sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n to àfọ́kù náà ní ìnàró, tí etí rẹ̀ wà lókè, tí wọ́n ń dá a sí ọ̀tún, tí wọ́n tún ń dá a sí òsì ní ìlà-ìlà, tí wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ há a láàárín ní àwọn ibì kan. Ìtàn ilé sọ pé Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi í tẹ́ ìlú. Ó ti lé ní 500 ọdún, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ sì wà títí di òní tí a lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé mo ti ń gbọ́ ọ láàárín ìlú pé bí àwọn baba wa ṣe fi pàǹtírí tẹ́ àgbàlá ọba, àwa náà lè fi tiwa tẹ́ pápá. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n àpáàdì ti la iná kọjá kí ó tó dé inú ilẹ̀. Kò sí ohun tí yóò jẹrà nínú rẹ̀, kò ní gáàsì tí yóò tú jáde, kò sì ní rì lẹ́yìn ogún ọdún. Ìdọ̀tí ayé òde òní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú gbẹ́ ẹ wò. Lókè ni ọ̀rá omi àti náílọ́ọ̀nù dúdú tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Bí a bá wa ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ sísàlẹ̀, ohun tí ó wà níbẹ̀ ti di dúdú, ó ń gbóná, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ sì lè máa jáde lára rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Àárín rẹ̀ ni bátìrì ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ iná ilé wà, àti gílóòbù gígùn funfun tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, agolo ọ̀dà, ike oògùn apakòkòrò, abẹ́rẹ́ àti bándéèjì tí kò yẹ kí ó dé ibẹ̀ rárá, àti fóònù tó ti kú. Àwọn tí ń ṣa irin máa ń dáná sun wáyà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ mú, eérú wáyà náà sì ń bá gbogbo rẹ̀ dà pọ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé ọgbà lé nìyẹn. Kò sí ènìyàn kankan tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí-báyìí ni wọ́n dà síbẹ̀ ní ọdún báyìí, nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ lu ihò sí i ní oríṣiríṣi ibi, kí wọ́n kó ohun tó jáde lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí a sì mọ bí ó ti jìn tó, bí ó ti pẹ́ tó, àti májèlé tó wà nínú rẹ̀.

Omi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ló ń rìn jìnnà jù. Òjò tó ń rọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ́dọọdún lé ní 1,000 mìlímítà. Lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo, ìyẹn ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lítà omi lọ. Apá kan rẹ̀ yóò ṣàn lọ, oòrùn yóò fa apá kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá wọ inú ààtàn yóò máa fọ gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, yóò sì jáde nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pípọ́n dúdú àti òórùn tí kò ṣeé gbàgbé. Ilẹ̀ wa níhìn-ín, ilẹ̀ orí àpáta ni. Omi kànga wa kì í ti ọ̀nà jíjìn wá. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta àti inú àwọn ibi tí àpáta ti sán ni ó wà, òjò àdúgbò ló sì ń bù kún un. Ohun tó bá wọ ilẹ̀ lókè ń wá kànga ẹni tó wà nísàlẹ̀ bọ̀.

Àwọn onílé máa ń pe mi wá wo kànga tí ojú omi rẹ̀ ń dán, tí wọ́n ní epo ti wọ̀ ọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo máa ń fi rú ojú omi náà. Bí ohun dídán náà bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí àwọn èérún rẹ̀ kò sì padà lẹ̀ mọ́ ara wọn, irin inú ilẹ̀ àti àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló fà á. Bí ó bá lọ́ yí igi náà ká, tí ó sì tún dà pọ̀, epo gan-an ni. Ti àkọ́kọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ààtàn náà lè tú irin ilẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi igi dán omi mímu wò kí ó sì fọkàn balẹ̀ o. Òjé inú bátìrì kò ní àwọ̀ nínú omi, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní adùn tàbí ìkorò. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín agboolé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé kí ó tó di pé àwọn oníṣègùn mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọmọdé ló máa ń mú jù, nítorí pé ọmọdé ló ń ra kò, ọmọdé ló ń fi ọwọ́ erùpẹ̀ sẹ́nu, ọmọdé náà la sì fẹ́ kọ́ ibi eré fún.

Ẹ̀yin ará Iléṣà tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wúrà yìí mọ ìdí tí mo fi wò yín lójú. Ní àgbègbè Ìtagunmódi àti Ìpẹ̀rìndó, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, kòtò kì í ṣọ̀wọ́n. Kòtò tí awakùsà tàbí awayẹ̀pẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ di ààtàn níbi gbogbo láyé, torí pé ó ti wà níbẹ̀, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti gbẹ́. Ohun tí a kì í rò ni pé ẹni tó wa kòtò náà ti mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ omi. Òkè ìdọ̀tí tó wà lórí ilẹ̀ gbalasa sàn ju èyí tó wà nínú kòtò lọ, bí kò tilẹ̀ dára lójú.

Ó kan gáàsì. Bí ìdọ̀tí bá ti wà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ yóò máa tú gáàsì sílẹ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ yóò sì jẹ́ methane, irú èyí tó wà nínú gáàsì ìdáná tí wọ́n ń fi páìpù pín kiri ní àwọn ìlú ńlá. Fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Bí ó bá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú yàrá, tí kò sì kọjá ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣáná kan tó láti fọ́ ilé. Nígbà tí ààtàn bá ṣí sílẹ̀, ojú ọ̀run ni gáàsì náà ń bá lọ. Ó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, ó sì máa ń gbaná, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ààtàn Olúsósùn ní Òjọ́ta nílùú Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2018, nígbà tí èéfín bo àdúgbò. Nígbà tí a bá wá bò ó, tí òkè rẹ̀ dí, gáàsì náà kò dẹ́kun o. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Loscoe nìyẹn, abúlé kan ní Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ bíríkì ni wọ́n fi ìdọ̀tí dí níbẹ̀. Wọ́n bò ó, ojú rẹ̀ sì dà bí ilẹ̀ gidi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1986, ilé kan nítòsí ibẹ̀ bú gbàmù, ó sì wó lulẹ̀ pátápátá. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ fara pa, Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Ìwádìí fi hàn pé gáàsì ààtàn náà ti gba abẹ́ ilẹ̀ rìn dé abẹ́ ilé wọn, pé bí agbára tí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run fi ń tẹ ilẹ̀ ṣe dédé lọ sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà ló fún un láyè láti tú jáde wọ inú ilé, àti pé ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná ló ràn án. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe nígbà tí ààtàn náà ń rùn ni èyí ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán ni.

Ẹ wá ro ó sí ti wa. Ṣọ́ọ̀bù tí a ń kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà níhìn-ín, kọ̀ǹténà ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí yàrá kan tí ilẹ̀kùn irin rẹ̀ dí gbáà. Ẹni tó ni ín yóò tì í ní alẹ́ Sátidé, yóò ṣí i ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sì ṣe ni kí ó tan iná tàbí kí ó fa jẹnẹrétọ̀. Bí ilẹ̀ abẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà bá sán díẹ̀ ní igun kan, tí ó sì wà nítòsí ààtàn tí a bò láìfi ọ̀nà sílẹ̀ fún gáàsì, ẹ̀yin náà lè parí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ohun kan tó máa ń bí àwọn olóṣèlú nínú: kí a kó ilẹ̀ pupa dà lé ààtàn, kí a tẹ́ ẹ, kí a sì gbé kọnkéré lé e láàárín oṣù mẹ́ta kí ìbò tó dé, burú ju kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà lọ.

Ìtàn kejì tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ onílé rántí ni ti Love Canal, ní ìlú Niagara Falls ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan, Hooker, da nǹkan bí 20,000 tọ́ọ̀nù pàǹtírí kẹ́míkà sínú kòtò kan níbẹ̀ láti ọdún 1942, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n sì tà á fún ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ìlú náà ní 1953 ní dọ́là kan ṣoṣo. Ìwé títà náà sọ ọ́ kedere pé kẹ́míkà wà níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ilé-ìwé ọmọdé síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé yí i ká. Ní 1978 ni ìjọba kéde pàjáwìrì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ìdílé kúrò. Láti ibẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí ìwẹ̀mọ́ ilẹ̀ olóró ti wáyé ní 1980. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún ìlú ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí a béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kí a tó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

A kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti Ítálì wá sí Kókó, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, wọ́n sì tò ó sínú àgbàlá onílé kan tó ń gba owó lé e lórí. Ariwo ọ̀ràn yẹn ló bí òfin tó ka kíkó pàǹtírí olóró wọlé sí ìwà ọ̀daràn ní ọdún náà gan-an, ó sì bí àjọ ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́ tó ń rí sí àyíká. Òfin tó ní kí a yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká wò kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1992. Òfin kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni kí ará ìlú béèrè fún ìwé àyẹ̀wò náà, kí ó kà á, kí ó sì dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè.

Rírì ilẹ̀ kò ní gba àkókò wa. Ìdọ̀tí ń jẹrà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, òkè tó ga mítà mẹ́wàá lè dín ní mítà kan tàbí méjì láàárín ọdún díẹ̀, kò sì ní dín lọ́gbọọgba. Ilé alájà tí a bá kọ́ lé e yóò sán; pápá bọ́ọ̀lù yóò kàn nílò kí a máa tún un tẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé òkè tí kò tíì dúró lè ya lulẹ̀. Ààtàn Koshe ní Addis Ababa ya ní oṣù kẹta 2017, ó pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Ti Kiteezi nítòsí Kampala ya ní oṣù kẹjọ 2024, ó sì pa ènìyàn tó ju 30 lọ. Àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí àti àwọn tí ilé wọn wà lábẹ́ òkè náà ni ó pa.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tó ṣe é tó yọrí. Nanjido, létí odò Han nílùú Seoul ní ilẹ̀ Kòríà, gba ìdọ̀tí ìlú náà láti 1978 sí 1993. Nǹkan bí mílíọ̀nù 92 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, títí ó fi di òkè méjì tí gíga wọn sún mọ́ 100 mítà. Kí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2002 tó dé, wọ́n ti mọ ògiri wọ inú ilẹ̀ yí i ká kí omi ẹ̀gbin má baà wọ odò, wọ́n ti ri páìpù tó ń fa gáàsì jáde bọ̀ ọ́, wọ́n ti bò ó, wọ́n sì ṣí ọgbà ìgbafẹ́ síbẹ̀. Gáàsì náà ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná nítòsí. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀: koríko àti ọ̀nà ìrìn ni wọ́n fi sórí òkè ìdọ̀tí, nígbà tí pápá ìdíje àti àwọn ilé òwò ńláńlá tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà wà ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọgbà náà ló jẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ níyì. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló wá di ibi owó.

Ní New York, Fresh Kills gba ìdọ̀tí láti 1948 títí di 2001, ó sì fẹ̀ tó 2,200 éékà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ọgbà, wọn kò sì tíì parí. Apá kékeré kan, 21 éékà, nínú èyí tí wọ́n ń pè ní North Park, ni wọ́n ṣí fún ará ìlú ní oṣù kẹwàá 2023. Ìlú tó lówó tó New York ló ń lo àkókò tó bẹ́ẹ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe kan bá sọ fún wa pé òun yóò parí tiwa láàárín oṣù méjìdínlógún, ó yẹ kí a bi í léèrè ohun tó fẹ́ fò.

Kí ni ó wá bá Ifẹ̀ mu? Lójú tèmi, òkè ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ru ohun tó wúwo. Ilẹ̀ pupa tí a ní lọ́pọ̀ níhìn-ín dára fún bíbo ààtàn bí a bá fi omi díẹ̀ sí i, tí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele títí omi kò fi lè gbà á kọjá. Kí rọ́bà líle tí omi kò lè là kọjá wà lórí rẹ̀, kí yanrìn tí yóò máa darí omi òjò lọ sí gọ́tà tẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ olóràá tí koríko yóò hù lé lórí wá wà lókè. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni páìpù gáàsì yóò wà, tí orí rẹ̀ yóò yọ síta níbi tí ọmọdé kò lè dé. Pápá bọ́ọ̀lù, ọ̀nà ìrìn fún àwọn tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn, ibi ìjókòó, ibi eré ọmọdé tí ilẹ̀ mímọ́ tó nípọn dáadáa wà lábẹ́ rẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí lè dúró síbẹ̀. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí kànga, bọ́hóòlù tàbí adágún ẹja. Ọ̀rọ̀ oko ẹ̀fọ́ tí ẹnìkan dá lábàá nínú ìwé tí wọ́n fi pè mí, mo fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Tètè máa ń tà dáadáa lórí ààtàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ ni ewé ń fà.

Ṣọ́ọ̀bù, gbọ̀ngàn àpèjẹ, ibi ìtajà aṣọ, ibi iṣẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, gbogbo ìyẹn ni kí ó wà ní ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tí ìdọ̀tí kò dé, lẹ́yìn tí a bá ti lu ihò wò pé kò dé ibẹ̀ lóòótọ́. Kí ilẹ̀ abẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ẹ̀rọ kékeré tó ń kígbe bí gáàsì bá wọlé sì wà lára ògiri. Ẹ̀rọ náà kò wọ́n tó owó àpèjẹ ìṣílé kan.

Níbi tí a ó ti bu ilẹ̀ pupa náà, a ní ìṣòro tí ìlú mìíràn kò ní. Ifẹ̀ kún fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní Igbó Olókun nìkan, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ láàárín àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, èyí tó fi hàn pé àwọn ará ibí ti ń ṣe gíláàsì fúnra wọn láyé àtijọ́. Kí katapílà tó wọ ilẹ̀ kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ rìn ín já.

Owó ńkọ́? Mo ti gbọ́ ọ pé iná mànàmáná tí a ó fi gáàsì ààtàn ṣe ni yóò san owó iṣẹ́ náà. N kò gbà á gbọ́ fún ìlú tó tó tiwa. Seoul àti New York ní òkè ìdọ̀tí tó pọ̀ tó láti tà á fún ọdún púpọ̀. Ààtàn wa kéré, ó sì ti ń jóná látọjọ́ tó ti pẹ́, apá tó pọ̀ nínú gáàsì rẹ̀ ni yóò ti lọ. Ó sàn kí a fi páìpù tú u jáde tàbí kí a sun ún níbi kan tó ní ìṣọ́, kí a má sì ka owó rẹ̀ mọ́ ìṣirò. Owó tó dájú ni owó ṣọ́ọ̀bù. Ní Amẹ́ríkà, ọgbọ̀n ọdún ni òfin ní kí ẹni tó ti ààtàn pa fi máa ṣọ́ omi àti gáàsì ibẹ̀. Tiwa náà yóò nílò ẹni tí yóò máa yẹ kànga àyẹ̀wò tí a gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn wò, tí yóò máa tún ibi tó bá rì ṣe, tí yóò máa kó ewé kúrò nínú gọ́tà kí omi má baà dúró. Iṣẹ́ yìí kò ní àsíá, kò ní ayẹyẹ, ìdí sì nìyí tí ìjọba tó bá wọlé tẹ̀ lé èyí tó dá a sílẹ̀ yóò fi gbàgbé rẹ̀. Kí apá kan pàtó nínú owó ṣọ́ọ̀bù máa wọ àpò ìfowópamọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún ìṣọ́ náà, kí ẹgbẹ́ onílé àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ máa fọwọ́ sí i, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn kí agbaṣẹ́ṣe tó gbé ọkọ́.

Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni ilẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ẹbí tó yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ìlú láti máa da ìdọ̀tí sí nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò níyì yóò rántí pé ti àwọn ni nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá dé. N kò dá wọn lẹ́bi. Kí a pè wọ́n sí ìpàdé báyìí, nígbà tó ṣì ń rùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a pe àwọn tó ń ṣa ike, irin àti bàbà níbẹ̀, tí ọmọdé àti obìnrin wà lára wọn. Àwọn ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń jó lábẹ́, ibi tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti ń já ẹrù lóru, ibi tí ó ti ń rì. Kò sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó mọ ìyẹn. Bí a bá fi ọgbà náà lé wọn kúrò láìwá ibi tí wọn yóò ti máa to ike àti irin fún wọn, ẹ̀gbẹ́ odò kan ni wọn yóò bọ́ sí, ààtàn tuntun yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ náà fẹ̀ tó láti fún wọn ní ibùdó tó ní òrùlé, omi àti ìwọ̀n tó péye, kí iṣẹ́ wọn sì wà lára òwò tí a ń sọ.

Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi kí n tó gun orí ìtàgé pé níbo ni kí ẹgbẹ́ onílé ti bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì sí owó. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ayàwòrán ilé. Kí wọ́n kọ agboolé kọ̀ọ̀kan tó ń mu omi kànga ní ìsàlẹ̀ ààtàn náà sílẹ̀, títí dé odò tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Kí wọ́n bu omi kànga wọ̀nyẹn ní oṣù kẹta, kí òjò tó le, kí wọ́n tún bù ú ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó, kí wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò fún òjé, iyọ̀ àti àwọn kòkòrò ìgbẹ́. Kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn yìí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Kànga tí èsì rẹ̀ bá burú, kí wọ́n dé e lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì wá omi mìíràn fún agboolé yẹn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ pápá bọ́ọ̀lù.